Ọ̀nà Tí Awakọ̀ Akẹ́rù Kì Í Fẹ́ Gbà: Láti Ìkìrun àti Ìnísà dé Òkukù

Àwọn àgbà a máa sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà fún ẹni tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn tàbí tí ó ń gun kẹ̀kẹ́, nítorí bí ọ̀nà kan bá dí, yóò yà sí òmíràn. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tí ó kó 30 tọ́ọ̀nù ẹrù sí ẹ̀yìn kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí ọkọ̀ rẹ̀ lè gbà kò pọ̀, afárá tí ó lè gbé e kò tó nǹkan, ibi tí ó sì ti lè yí orí ọkọ̀ padà ṣọ̀wọ́n. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mọ bí ọ̀nà kan ti rí ní tòótọ́, kì í ṣe ẹni tí ó fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kọjá níbẹ̀ ní ọ̀sán gangan ni ó yẹ kí a bi, bí kò ṣe awakọ̀ akẹ́rù tí ó ti sùn sí ojú ọ̀nà náà ní òru òjò.

Ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú yín lónìí, ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, pàápàá ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń ná ọjà Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, ni pé ohun tí awakọ̀ kò fẹ́, ẹni tí ó fẹ́ jẹun ni ó ń san owó rẹ̀. Bí awakọ̀ bá kórìíra ọ̀nà kan, kì í jà, kì í sì í kọ̀wé sí ìjọba. Yóò kàn fi owó kún owó ọkọ̀ ni, tàbí kí ó wí pé ọkọ̀ òun ti kún. Ẹni tí ó ra kóńgò gàrí kan ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e kò ní mọ̀ pé owó kòtò wà nínú owó tí òun kà sílẹ̀. Àgbẹ̀ tí alájàpá dín owó iṣu rẹ̀ kù kò sì ní mọ̀ pé ọ̀nà ni ó jẹ ìyókù owó náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àwọn ọ̀nà mìíràn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé tiwa nìkan ni a ń kùn sí. Bí a bá jókòó ti àwọn awakọ̀ ní gáréèjì, tí wọ́n bá ti mu omi, tí ara wọn sì ti balẹ̀, orúkọ tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá ni Àpápá ní Èkó. Ibẹ̀ kò ní òkè, kò sì ní igbó. Síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni tírélà àti táńkà fi ń tò lórí afárá àti lójú títì ibẹ̀, tí awakọ̀ ń se oúnjẹ lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, tí ó ń wẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà, tí ọjọ́ sì ń di ọ̀sẹ̀ kí ó tó wọ inú èbúté. Ní oṣù Kejì ọdún 2021 ni àjọ tí ó ń ṣe àkóso àwọn èbúté bẹ̀rẹ̀ ìpè kan tí wọ́n sọ ní Ètò, kí ọkọ̀ má baà máa wá tò níbẹ̀ láìjẹ́ pé a pè é. Awakọ̀ tí ó ti rí ìgbà tí ó ṣáájú rẹ̀ kò lè gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ẹni tí ó bá kúrò ní Àpápá, tí ó sì kọ orí sí òkè ọya, yóò bá ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ pàdé. Láti ìgbà ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ (1999 sí 2007) ni a ti ń fẹ́ sọ gbogbo ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìlọrin di alápá méjì. Apá ti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin yára ju ìyókù lọ. Ṣùgbọ́n àárín Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ falẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí èyí sọ di ni pé ọkọ̀ tí ó ń lọ àti ọkọ̀ tí ó ń bọ̀ ń du ojú ọ̀nà tóóró kan náà, tírélà dojú kọ táńkà, ọkọ̀ èrò há sí àárín wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn mọ iye ìgbà tí ìròyìn ọ̀fọ̀ ti ti ọ̀nà náà wá. Níwájú Ìlọrin ni Jẹ́bà àti Mókwà wà, níbi tí afárá Tátábù ti ya lulẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2017 nígbà tí àgbàrá òjò gbé e, tí àìmọye tírélà sì dúró gbọnin ní ìhà méjèèjì. Ní ìhà Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn tí ó ń ná ọjà Kútọnu kò gbàgbé oṣù Kẹjọ ọdún 2019 tí ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè pa, tí kò sì ṣí ti Sẹ̀mẹ̀ títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ kò bàjẹ́ ní ọjọ́ náà. Àṣẹ ni ó dí i.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni awakọ̀ ti ń kùn. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà ńlá tí wọ́n ń pè ní Interstate 80 gba ìpínlẹ̀ Wyoming kọjá, níbi tí ẹ̀fúùfù àti yìnyín ti máa ń mú kí a ti ọ̀nà pa nígbà òtútù, nítorí ẹ̀fúùfù náà lè dojú tírélà tí kò lẹ́rù délẹ̀. Ní Bòlífíà, ọ̀nà àtijọ́ tí ó ti La Paz sọ̀kalẹ̀ lọ sí Coroico rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkè, ọ̀gbun sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà ikú ni wọ́n sọ ọ́, títí wọ́n fi la òmíràn. Ní Kamẹrúùnù, wọ́n a máa gbé igi dábùú ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ lẹ́yìn òjò, tí ọkọ̀ ńlá yóò sì dúró fún wákàtí mélòó kan títí ilẹ̀ yóò fi gbẹ. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀fúùfù, yìnyín, òkè àti òjò jẹ́ iṣẹ́ Ọlọ́run. Ní tiwa, bí a bá ka àwọn ohun tí awakọ̀ ń sá fún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó rí i pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn. Ohun tí ọwọ́ ènìyàn bá sì bàjẹ́, ọwọ́ ènìyàn lè tún un ṣe.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ọ̀nà tí a ń sọ yìí ti Òṣogbo jáde, ó gba Ìkìrun, ó gba Ìnísà, ó gba Òkukù, ó sì dé Ìlá-Odò ní ẹnu ààlà Kwara, kí ó tó kọjá sí Ẹ̀rìn-Ilé, Ọ̀fà, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Ìlọrin. Ìkìrun ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, Òkukù sì ni ti Odò-Ọ̀tìn, tí Ìnísà wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ bá dí, ọ̀nà tiwa yìí ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ tí ó ń lọ sí òkè ọya ń yà sí. Òun ni iṣu, gbágùúdá, àgbàdo, obì àti epo pupa agbègbè wa ń gbà jáde; òun náà ni sìmẹ́ǹtì, páànù àti ẹrù Èkó ń gbà wọlé, tí tòmátì, àlùbọ́sà àti ẹ̀wà sì ń gbà sọ̀kalẹ̀ láti òkè ọya.

Kì í ṣe òní ni ẹni tí ó ń rin ọ̀nà yìí ti ń rí màbo. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1878, ní ẹ̀bá Ìkìrun ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ti ṣẹ́gun Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Nígbà tí àwọn tí a ṣẹ́gun ń sá padà, odò Ọ̀tìn ti kún, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì já sínú omi, tí a fi ń pe ogun náà ní Jálumi títí di òní. Ní ayé ìgbà náà, ẹrù orí ni gbogbo òwò, oníbodè sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà ìlú, tí yóò gba tirẹ̀ kí aláàárù tó kọjá. Nígbà tí rélùwéè tí ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 tẹ̀ síwájú dé Òṣogbo ní ọdún 1907, tí ó sì gba ilẹ̀ wa kọjá dé Jẹ́bà ní ọdún 1909, ẹrù bọ́ lórí ènìyàn, ó gun orí irin. Ibùdó rélùwéè wà ní Ìkìrun, ó wà ní Òkukù, iṣu oko wa sì di ohun tí a ń jẹ ní Èkó.

Lọ́rì dé lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ kí ó bá rélùwéè du ẹrù. Wọ́n fẹ́ kí ọ̀nà mọ́tò jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ rélùwéè, kí ó máa kó ẹrù oko wá pàdé ọkọ̀ ojú irin ní ibùdó rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, owó ìwé àṣẹ lọ́rì di ohun ìjà láàárín ìjọba àti àwọn onílọ́rì. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí òun pàápàá ń ṣe òwò lọ́rì àti ti kòkó nígbà náà, jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn. Lónìí ọ̀rọ̀ ti yí padà. Rélùwéè àtijọ́ ti di aláìlera láti nǹkan bí ogójì ọdún wá. Èyí tuntun tí a ṣí ní oṣù Kẹfà ọdún 2021 ti Èkó wá, kò sì kọjá Ìbàdàn. Ẹrù tí irin ń rù nígbà kan, orí ọ̀dà ni ó wà báyìí. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni ó wá ń ru ẹrù ọ̀gá, a kò sì fi oúnjẹ kún tirẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ìgbà Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá (2010 sí 2018) bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti sọ ọ̀nà Òṣogbo, Ìkìrun dé Ìlá-Odò di alápá méjì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò parí kí ó tó fi ipò sílẹ̀.

Kí ni ó wà lójú ọ̀nà yìí tí awakọ̀ kò fẹ́? Ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò dárúkọ ni kòtò. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tí ó gbọ́n mọ̀ pé omi ni ìyá kòtò. Ọ̀dà ojú títì kò nípọn bí a ti rò. Òrùlé ni ó jẹ́ fún yẹ̀pẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí òrùlé bá lu, omi yóò wọlé, yẹ̀pẹ̀ yóò rọ̀, táyà ọkọ̀ ńlá yóò tẹ̀ ẹ́, ẹrẹ̀ yóò sì tú jáde láti ibi tí ọ̀dà ti sán. Nígbà tí ó bá ṣe, ọ̀dà yóò kù lófuurufú, yóò sì wó. Gọ́tà ni a gbẹ́ kí omi má baà dúró. Àwa fúnra wa ni a sì ń fi ọ̀rá, èèpo àgbàdo àti pàǹtí dí i. Láti oṣù Kẹfà títí dé oṣù Kẹwàá ni ẹ ó máa rí ewé tútù tí a ṣẹ́ lélẹ̀ ní ojú ọ̀nà. Ewé náà ni lẹ́tà tí awakọ̀ ń kọ sí awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀: rọra, ẹnìkan ti bàjẹ́ síwájú.

Ohun kejì yóò ya ọ̀pọ̀ yín lẹ́nu: kì í ṣe igbó ni awakọ̀ akẹ́rù ń sá fún jù ní ọ̀sán, ìlú ni. Nínú igbó, bí ọ̀nà bá dára, ọkọ̀ rẹ̀ a máa lọ ní ìwọ̀n kan náà, ẹ́ńjìnì kì í sì í ṣe wàhálà. Bí ó bá wọ ìlú wa ní ọjọ́ ọjà, àtẹ ata ti dé etí ọ̀dà, agboòrùn alátẹ ti na orí sí ojú ọ̀nà, ọlọ́kadà ń gba apá ọ̀tún, òmíràn ń gba apá òsì, ọmọ ilé-ìwé sì ń sáré kọjá. Ọkọ̀ tí ó wúwo kì í dúró bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Bí ó bá tẹ bíréèkì, yóò ṣì máa yí lọ fún ìwọ̀n ilé mélòó kan. Bí ó bá sì ń ti orí òkè sọ̀kalẹ̀, bíréèkì a gbóná, ó sì lè kọ̀ jálẹ̀. A rántí ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2018 ní afárá Ọ̀tẹ́dọlá ní ẹnu ọ̀nà Èkó, nígbà tí táńkà epo kan ṣubú tí iná rẹ̀ sì jó ọkọ̀ tí ó ju 50 lọ pẹ̀lú ẹ̀mí ènìyàn. Òkè àpáta ni ó yí Ìkìrun ká. Ẹni tí ó ń ta ọjà ní ìsàlẹ̀ ibi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀ẹ́rẹ́, ó yẹ kí ó mọ ohun tí ó kọ ẹ̀yìn sí.

Ohun kẹta ni ìdúró. Oníbodè ayé àtijọ́ ti kú, ṣùgbọ́n àwọn àrólé rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí ó wọṣọ ìjọba ń dá ọkọ̀ dúró, ẹni tí kò wọṣọ ìjọba ń dá ọkọ̀ dúró. Ọ̀kan bèèrè ìwé, èkejì na ọ̀pá, ẹ̀kẹta mú ìwé pélébé tí ó jọ rìsíìtì lọ́wọ́. Nínú wọn ni a rí àwọn tí ó ń ṣe iṣẹ́ ààbò ní òtítọ́, a kò sì gbọdọ̀ bú wọn, nítorí olè ń bẹ, ajínigbé sì ń bẹ. Ṣùgbọ́n awakọ̀ ń ka iye ìdúró, ó ń ka iye owó, ó sì ń ka wákàtí tí ó ṣòfò. Bí ó bá pẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ, òru yóò bá a lọ́nà, òru sì ni ohun kẹrin tí kò fẹ́: ibi tí kò sí iná, tí ọkọ̀ tí ó bàjẹ́ dúró láìní àmì, tí kò sì sí ẹni tí ó lè ké sí.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ojú wa rí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà òjò, a bá lọ́rì kan pàdé láàárín Ìnísà sí Ìkìrun, tí ó kó tòmátì láti òkè ọya. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan ti wọ kòtò tí àgbàrá bò mọ́lẹ̀, irin tí ó so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ sì ti ṣẹ́. Awakọ̀ náà, ọmọ Hausa kan tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ti ṣẹ́ ewé sí iwájú àti sí ẹ̀yìn. Ó ní mẹkáníìkì kò lè dé kí ilẹ̀ tó mọ́. Omi pupa ń kán láti inú àwọn apẹ̀rẹ̀. Obìnrin oníṣòwò kan tí ó ní ẹrù níbẹ̀ ti gun ọ̀kadà wá láti Ìkìrun nígbà tí ó gbọ́ ìròyìn náà, ó sì dúró nínú òjò láìsọ̀rọ̀. Awakọ̀ náà wí fún un pé, “Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi.” Ó dá a lóhùn pé, “Bàbá, n kò bínú sí yín. Láti ìgbà tí kòtò yìí kò ti ju àwo ọbẹ̀ lọ ni mo ti ń gba ibí kọjá.”

Àwọn ọ̀dọ́ kan mú imọ̀ ọ̀pẹ, wọ́n ń darí ọkọ̀. Àwọn mìíràn ń ṣa tòmátì tí ó bọ́ sílẹ̀ sínú fìlà wọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá, obìnrin náà ti ta apẹ̀rẹ̀ mélòó kan fún àwọn tí ó ń kọjá ní iye tí kò tó ìdajì owó tí ó fi rà á, ó sì fi ìyókù lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Owó àwọn ọmọ rẹ̀ ní ilé-ìwé wà nínú apẹ̀rẹ̀ wọ̀nyí. Ní ọjọ́ kejì, tòmátì wọ́n ní ọjà, àwọn tí ó wá rà á sì ń bú àwọn alátẹ pé wọ́n jẹ́ ọ̀kánjúà.

Ọ̀rọ̀ àwo ọbẹ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn wa. Kòtò tí kò ju àwo ọbẹ̀ lọ, òṣìṣẹ́ méjì pẹ̀lú ṣọ́bìrì kan àti ọ̀dà díẹ̀ lè dí i kí oòrùn tó kan àtàrí. Nígbà tí ó bá gbé ẹsẹ̀ lọ́rì mì, owó ńlá ni a ó fi tún un ṣe, a ó sì ti kọ́kọ́ san owó ńlá mìíràn ní ọjà láìmọ̀. Ìjọba àpapọ̀ a máa tọ́ka sí ti ìpínlẹ̀, ti ìpínlẹ̀ a máa tọ́ka sí ti àpapọ̀, ìbílẹ̀ yóò wí pé òun kò ní owó. Kòtò kì í bèèrè ẹni tí ó ni ọ̀nà kí ó tó gbòòrò.

Ṣùgbọ́n a kò ní ṣe òdodo bí a bá dá àwọn awakọ̀ láre pátápátá. Ẹni tí ó ń kùn sí kòtò, òun pẹ̀lú ń gbẹ́ ẹ. Láti ọdún 1958 sí 1960 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ ẹrù sáré lórí ọ̀nà tí wọ́n dìídì ṣe fún ìdánwò ní ìpínlẹ̀ Illinois, láti mọ bí ìwọ̀n ẹrù ti ń ba ọ̀nà jẹ́. Ohun tí wọ́n rí ni èyí: bí ẹrù tí ó wà lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ tí ó ń ṣe kì í ṣe ìlọ́po méjì, nǹkan bí ìlọ́po 16 ni. Bí ẹsẹ̀ méjì tí ó kọjú sí ara wọn bá yẹ kí ó gbé 10 tọ́ọ̀nù, tí a sì di 15 lé wọn, ìrìn ẹyọ kan ti di ìrìn márùn-ún lára ọ̀nà. Ìdí nìyí tí àwọn orílẹ̀-èdè UEMOA, tí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà nínú wọn, fi ṣe òfin ní ọdún 2005 pé irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ru ju 11.5 tọ́ọ̀nù lọ. Oníṣòwò tí ó ń bẹ awakọ̀ pé kí ó bá òun fi àpò mẹ́wàá sí i lé e lórí, kí ó rántí ìṣirò yìí. Èrè àpò mẹ́wàá náà ni òun yóò fi ra kòtò ní ọdún tí ń bọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ eré àsápajúdé. Kò sí ohun tí ó jẹ́ tuntun nínú ìkìlọ̀ tí a ń ṣe. Ní ọdún 1977, nígbà tí ìlú wa wà nínú ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni Wọlé Ṣóyínká ti wà lára àwọn tí ó dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà, nítorí ikú tí ó ń pa àwọn ènìyàn àti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga lójú ọ̀nà. Ní ọdún 1988 ni ti ìjọba àpapọ̀ tẹ̀ lé e. Òfin kò wọ́n wa. Ohun tí ó wọ́n ni ẹni tí yóò pa á mọ́ nígbà tí ẹ̀ṣọ́ kò sí níbẹ̀. Awakọ̀ tí ó ti wa ọkọ̀ láti àná láìsùn, tí ó sì ń mu ògógóró kí ojú rẹ̀ má baà pa dé, òun gan-an ni ọ̀nà tí àwa ará ìlú kò fẹ́ pàdé.

Kí ni ó wá yẹ kí a ṣe? Èkíní, kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn àti Odò-Ọ̀tìn má ṣe dúró de ẹni tí ó ni ọ̀nà kí wọ́n tó kó pàǹtí inú gọ́tà. Kí wọ́n ṣe é ní oṣù Kejì, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, kí wọ́n sì dí àwọn kòtò kéékèèké nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tí yẹ̀pẹ̀ gbẹ. Èkejì, kí àwọn ọba àti ìjòyè wa pẹ̀lú àwọn ìyálọ́jà fa ìlà kan sí ẹ̀bá ọ̀nà, kí àtẹ ẹnikẹ́ni má ṣe kọjá rẹ̀, kì í ṣe nítorí ẹwà ìlú bí kò ṣe nítorí ẹ̀mí ẹni tí ó jókòó tì í. Ẹ̀kẹta, kí a wá ilẹ̀ kan lẹ́yìn ìlú tí ọkọ̀ ńlá lè sùn sí, tí awakọ̀ yóò ti rí omi, oúnjẹ àti ààbò ní òru. Ìlú tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò rí owó níbẹ̀, nítorí ibi tí awakọ̀ bá ti sinmi ni ó ti ń ná owó. Ẹ̀kẹrin, kí àwọn aṣòfin tí a dìbò yàn máa bèèrè nípa rélùwéè ju bí wọ́n ti ń bèèrè nípa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tiwọn lọ. Sìmẹ́ǹtì àti epo tí ó bá padà sí orí irin, ọ̀dà ọ̀nà wa ni ó gbà sílẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé ọ̀rọ̀ tírélà kò kan àwọn, nítorí àwọn kò ní ọkọ̀, àwọn kò sì ná ọjà òkè ọya. A bẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí ó bèèrè owó tòmátì lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ ní alẹ́ òní. Ẹni iwájú tí ó já sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Àwọn awakọ̀ sì ti já sí kòtò tó fún wa. Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù kò ní òkun, wọn kò ní èbúté. Ọ̀nà yìí ni èbúté wa. Bí àwọn tí ó ń kó ẹrù bá sọ fún ara wọn ní gáréèjì pé kí ẹnikẹ́ni má gba ọ̀dọ̀ wa kọjá mọ́, kò sí ẹni tí yóò kọ̀wé fi tó wa létí. Ọjà wa ni yóò kàn máa tú díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀nà àti ìlú yóò fi dákẹ́.

Ẹ wo ojú ọ̀nà tí ó wà ní ẹnu ilé yín lọ́la. Bí ẹ bá rí kòtò kan tí kò tíì ju àwo ọbẹ̀ lọ, ẹ mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ káńsẹ́lọ̀ yín ní ọjọ́ náà, kí ẹ sì máa lọ títí yóò fi gbọ́. Kí Ọlọ́run kí ó pa gbogbo arìnrìn-àjò wa mọ́, kí ó sì mú kí ẹrù dé ọjà láìfarapa. Àṣẹ.